Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ dókítà eyín l'Amẹ́ríkà ń wò nínú dìgírì èèyàn: ìrírí mi

Ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn wa ní Maryland níbí máa ń bi mí ṣáá. Ìsìn á parí, tàbí a ó jókòó ti oúnjẹ níbi ìkómọjáde, ìyá kan á rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yín yìí. Kí ni kó lọ kà ní yunifásítì?" Orúkọ dìgírì kan ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi, kí wọ́n lè gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Èmi kì í ní orúkọ kankan láti fún wọn. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín l'Amẹ́ríkà kì í béèrè pé dìgírì kí lo gbà. Àwọn kọ́ọ̀sì kan pàtó ni wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú láàbù tó bá wọn rìn, àti máàkì tí o gbà nínú wọn. Ẹni tó ka Báyọ́lọ́jì lè wọlé, ẹni tó ka Ìtàn lè wọlé, ẹni tó ka Músíìkì pàápàá lè wọlé, tí àwọn kọ́ọ̀sì yẹn bá ti pé lọ́wọ́ rẹ̀ tí máàkì rẹ̀ sì dára.

Mo mọ ibi tí ìbéèrè wọn ti ń wá. Nílé, láti girama ni èèyàn ti ń lọ tààrà. O ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì. O ṣe JAMB pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti sáyẹ́ǹsì mẹ́ta yẹn, o ṣe post-UTME. Bí orí bá ṣe é, o lo ọdún mẹ́fà ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Ifẹ̀, o jáde ní dókítà eyín. BDS ni Ìbàdàn ń fún àwọn tirẹ̀, BChD ni ti Ifẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Ìlú Ọba náà ń gbà wọ́n láti girama, ọdún márùn-ún ni tiwọn. Amẹ́ríkà ya ọ̀nà tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ọdún mẹ́rin ní yunifásítì fún dìgírì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni ọdún mẹ́rin mìíràn fún DDS tàbí DMD, ìyẹn dìgírì dókítà eyín. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ méjèèjì yìí dà yín láàmú, nǹkan kan náà ni wọ́n. Baltimore, tí kò jìnnà sí ilé wa, ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ eyín àkọ́kọ́ lágbàáyé sílẹ̀ sí ní 1840, òun náà ló di ti University of Maryland lónìí, DDS ni wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ wọn. Harvard ṣí tiwọn ní 1867, wọ́n yan DMD. Àwọn tó wá lẹ́yìn tẹ̀ lé èyí tó wù wọ́n.

Èmi gba B.Sc. Microbiology nílé, mo sin ìlú tán, mo bá ọkọ mi wá síbí. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ṣe ni ti olùrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ dókítà eyín kan, bàbá àgbàlagbà tó ti ń ṣe é bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Èmi ni mo ń di ọ̀pá tó ń fa itọ́ mú, tí mo ń po símẹ́ǹtì eyín, tí mo ń na irinṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó béèrè. Lọ́jọ́ kan ni ọkùnrin kan wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú débi pé ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Eyín òkè kan ṣoṣo tó ti jẹrà ló fà á. Bàbá gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n la ibẹ̀, ọyún tú dà, èmi ń fà á lọ bó ṣe ń jáde. Kò pẹ́ tí ìrora náà fi fúyẹ́. Ọkùnrin náà di ọwọ́ bàbá mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀, ó kàn ń mi orí. Iṣẹ́ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn ju gbogbo ohun tí mo ti kà tẹ́lẹ̀ lọ.

Bàbá yìí kan náà ló sọ fún mi pé kí n má lọ máa gbọ́ràn lẹ́nu ará àdúgbò, kí n gbé ìwé mi lọ bá àwọn tó ń gbani wọlé fúnra wọn. Mo ti fi transcript mi ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkèèrè wò, irú WES tàbí ECE, mo sì ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí wọ́n ní irú kan tí owó rẹ̀ dín díẹ̀ tó kàn ń sọ pé dìgírì rẹ bá ti ibí mu. Ìyẹn kò wúlò fún ilé ẹ̀kọ́ eyín. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé. Ó fi ìdí bírò tọ ìlà lé ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò yára rárá. Ó ní kò sí ẹni tó ń bá mi jiyàn dìgírì, B.Sc. mi dúró. Ó wá yí ìwé náà sí mi, ó ní: "Àmọ́ níbo ni Kẹ́mísírì tí o ṣe l'Amẹ́ríkà wà?"

Ohun tó ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ náà ni mo ṣì ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn títí dòní. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ kí àwọn kọ́ọ̀sì tó jẹ́ dandan jẹ́ èyí tí o ṣe ní Amẹ́ríkà tàbí ní Kánádà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú kan ni fọ́ọ̀mù ọ̀pọ̀ jù wọn ń gbà wọlé, lórí AADSAS, ètò yẹn kì í sì í ka máàkì tí èèyàn gbà lókè òkun mọ́ GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì. Tí o bá ní First Class láti Nàìjíríà tí o kò tíì ṣe kọ́ọ̀sì kankan níbí, GPA kankan kò sí lórí fọ́ọ̀mù rẹ tí wọ́n máa fi wọ̀n ọ́ mọ́ àwọn yòókù. Ìyẹn ló jẹ́ kí n padà sí kíláàsì, èmi tó ti ní dìgírì, láàárín àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Kò tì mí lójú. Mo mọ ohun tí mo ń wá.

Mo ra ìwé kan, mo ń da ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè kọ sínú rẹ̀, ojú ewé kan fún ilé ẹ̀kọ́ kan. Báyìí ló sábà máa ń rí: Báyọ́lọ́jì pẹ̀lú láàbù, kírẹ́díìtì (ohun tí a ń pè ní unit ní yunifásítì nílé) 8. Kẹ́mísírì gbogbogbòò pẹ̀lú láàbù, 8. Organic Chemistry pẹ̀lú láàbù, 8. Físíìsì pẹ̀lú láàbù, 8. Biochemistry, 3. Gẹ̀ẹ́sì, 6. Sẹ̀mẹ́sítà méjì ni kírẹ́díìtì 8 jẹ́, mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ ò rí i pé gbogbo rẹ̀ kò ju kírẹ́díìtì 41 lọ, nígbà tí dìgírì odindi sábà máa ń jẹ́ 120. Èyí tó kù, ọwọ́ ọmọ ló wà. Lẹ́yìn àwọn yìí ni ìyàtọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Microbiology, Anatomy, Physiology, Statistics: ilé ẹ̀kọ́ kan á ní dandan ni, èkejì á ní ó dára tí o bá ṣe é, ẹ̀kẹta kò ní dárúkọ rẹ̀ rárá. Àwọn kan ń gba sẹ̀mẹ́sítà Físíìsì kan péré. Àwọn kan kì í gba kírẹ́díìtì AP, ìyẹn kọ́ọ̀sì ipele yunifásítì tí ọmọ ti ṣe ní girama, wọ́n á ní kó lọ ṣe kọ́ọ̀sì mìíràn tó ga jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn kò fẹ́ láàbù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tó pọ̀ jù, C ni ó kéré jù, C- kì í sì í ṣe C lójú wọn.

Ẹ máa rí i kà níbi púpọ̀ pé kírẹ́díìtì 90 ló kéré jù fún ẹni tó fẹ́ wọlé, ìyẹn bí ọdún mẹ́ta, láìjẹ́ pé dìgírì pé. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Àmọ́ ẹ wo àwọn tí wọ́n ń gbà ní tòótọ́: ọ̀pọ̀ jù wọn ló ti gba dìgírì. Ní tèmi, mi ò ní gba ọmọ ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó dá yunifásítì dúró lọ́dún kẹta nítorí ìlà kan yẹn. Tí wọn ò bá wá gbà á, kí ló mú dání?

Ohun tó ń jẹ ọjọ́ èèyàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni Kẹ́mísírì. Wọn kì í jẹ́ kí o ṣe apá kejì kí o tó ṣe àkọ́kọ́. Wọn kì í jẹ́ kí o fọwọ́ kan Organic kí o tó parí Kẹ́mísírì gbogbogbòò méjèèjì. Biochemistry sì ń dúró de Organic. Sẹ̀mẹ́sítà márùn-ún nìyẹn, tí èèyàn kò bá fi kíláàsì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gé e kúrú. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Kẹ́mísírì ní oṣù Kẹjọ ọdún yìí, oṣù Kejìlá ọdún tó tẹ̀ lé ọdún tó ń bọ̀ ló máa parí Biochemistry, ìbáà lówó, ìbáà ní òye bí ti Ifá. Mo ti rí ọmọ tó sún Kẹ́mísírì síwájú nítorí pé wọ́n ní ó le, tó kọ́kọ́ lọ kó àwọn kọ́ọ̀sì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ, tó wá dé ọdún kẹta kó tó mọ̀ pé òun kò lè forúkọ sílẹ̀ lásìkò tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń forúkọ sílẹ̀. Òun ni mo fi máa ń sọ fún àwọn òbí pé Kẹ́mísírì ni kó ṣáájú.

Nípa láàbù, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwa tí a kàwé nílé ni ibẹ̀ ń yà lẹ́nu. Níbi tí mo ti kàwé, ohun èlò kò tó. Ẹnì kan ló ń ṣe é lórí tábìlì, àwa yòókù á rọ̀gbà yí i ká, a ó máa nà ọrùn wò. Níbí, ìwọ àti ìgò rẹ ni. Mo rántí ìgbà tí a ṣe isoamyl acetate nínú láàbù Organic. O da ọtí isoamyl àti ásíìdì inú ọtí kíkan pọ̀ sínú ìgò onídìí róbótó, o kán sulfuric acid díẹ̀ sí i, o gbé e sórí iná, o de ọ̀pá tí omi tútù ń gba ara rẹ̀ kọjá mọ́ ọn lórí kí ooru má bàa gbé e fò lọ. O jókòó tì í fún bíi wákàtí kan. Nígbà tó yá, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa gba gbogbo yàrá. Lẹ́yìn náà lo máa fọ̀ ọ́, tí o máa sẹ́ ẹ, tí o máa wọ̀n ọ́, tí o máa kọ iye tó jáde sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó yẹ kó jáde. Tí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n níbi tí o ti ń yà á kúrò lára omi, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ìgbà tí mo wá dé ilé ẹ̀kọ́ eyín, tí wọ́n ní kí n fi ìda mọ eyín ọ̀kánkán pẹ̀lú gbogbo ibi tó ti kọ́ àti ibi tó ti tẹ̀, ni ó yé mi ìdí tí wọn kì í fi í fi láàbù ṣeré. Sùúrù ọwọ́ àti ìwọ̀n ni wọ́n ń wá, ìwé nìkan kì í sì í kọ́ni ní ìyẹn.

Wọ́n tún máa ń bi mí bóyá èèyàn lè ṣe é ní community college, ilé ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì, torí owó. Èmi ṣe é. Kẹ́mísírì gbogbogbòò àti Físíìsì, ibẹ̀ ni mo ti ṣe wọ́n, kíláàsì alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Owó rẹ̀ kéré sí ti yunifásítì lọ́pọ̀lọpọ̀, kíláàsì kò kún, àwọn olùkọ́ sì ní àyè fún èèyàn. Organic àti Biochemistry ni mo lọ ṣe ní yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin. Ìdí ni pé ilé ẹ̀kọ́ eyín kò ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí: àwọn kan ń gba gbogbo rẹ̀ láti community college, àwọn kan ní iye kírẹ́díìtì tí wọ́n máa gbà mọ, àwọn kan fẹ́ kí sáyẹ́ǹsì tó ga jẹ́ ti ọlọ́dún mẹ́rin. Kí n tó san owó kọ́ọ̀sì kankan, mo máa ń kọ ìméèlì sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé àwọn tó wà nínú ìwé mi, màá dárúkọ kọ́ọ̀sì náà àti nọ́ḿbà rẹ̀, màá béèrè bóyá wọ́n máa gbà á. Wọ́n ń dáhùn. Mo tọ́jú ìdáhùn wọn gbogbo. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró, ti ìwé ló ń dúró.

Wàyí o, máàkì. Ẹni tó ti Nàìjíríà wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìṣirò orí rẹ̀ ṣe, nítorí 5.0 la fi ń wọ̀n nílé, 4.0 ni tiwọn níbí. 3.5 wa, tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà Second Class Upper, kì í ṣe 3.5 tiwọn. Àwọn tó ń rí ilé ẹ̀kọ́ eyín wọ̀ níbí, GPA ọ̀pọ̀ wọn wà ní 3.5 sókè lórí 4.0. Wọ́n tún máa ń ya ti sáyẹ́ǹsì sọ́tọ̀, wọ́n á wò ó lọ́tọ̀. Èyí tó sì ń ba àwọn èèyàn wa nínú jẹ́ jù: tí o bá gba D, tí o padà lọ ṣe é, tí o gba A, AADSAS á ka méjèèjì. Yunifásítì rẹ lè pa D náà rẹ́ kúrò nínú ìṣirò tirẹ̀, ti AADSAS kò ní pa á rẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kí èèyàn má fi ìkánjú kó kọ́ọ̀sì lérí. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí láti máa tọ́ ọmọ, máa ṣiṣẹ́, máa kàwé. Kọ́ọ̀sì méjì ni mo sábà ń mú ní ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó yá mo mú sáyẹ́ǹsì mẹ́ta pa pọ̀, nítorí àwọn tó ń gbani wọlé fẹ́ rí i pé ẹrù náà kò ní wọ̀ ọ́ lọ́rùn; ìyá ọkọ mi ló wá dúró tì wá nílé lákòókò yẹn. Sẹ̀mẹ́sítà kan ní ilé ẹ̀kọ́ eyín, kọ́ọ̀sì inú rẹ̀ pọ̀ jìnnà sí ti yunifásítì.

Máàkì yìí ló gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fẹ́ ka Músíìkì. Háà, ìyá rẹ̀ sunkún. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí, wọ́n ní kí èmi bá a sọ̀rọ̀, kó lọ ka Báyọ́lọ́jì bíi ti àwọn tó fẹ́ ṣe dókítà. Mo jókòó pẹ̀lú ọmọ náà, mo béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ ṣe dókítà eyín lóòótọ́, kò fi ṣeré. Dùùrù ló kàn fẹ́ràn láti kékeré. Mo mú ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí jáde, a pín àwọn kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì náà sí ọdún mẹ́rin, a fi ti Músíìkì yí wọn ká. Ó wọ̀. Mo wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó kà á. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ohun tó ń kà, A ló ń gbà. A yẹn gan-an ni wọ́n ń wá." Ọmọ náà wọlé. Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n bi í léèrè dùùrù pẹ́, nípa bí ìka ọwọ́ òsì àti ti ọ̀tún ṣe ń ṣe ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò sọ pé kí gbogbo ọmọ lọ ka Músíìkì. Àwọn tó ka Báyọ́lọ́jì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọlé, ìdí rẹ̀ sì hàn: àwọn kọ́ọ̀sì dandan ti wà nínú dìgírì wọn, wọn ò ní kó nǹkan mìíràn wọ inú rẹ̀ mọ́. Ọmọ tó bá fẹ́ràn Báyọ́lọ́jì, kó kà á tayọ̀tayọ̀. Èyí tí mò ń kọ̀ ni kí a fi tipátipá ti ọmọ sínú rẹ̀, kó lọ máa gba C, kí ilẹ̀kùn méjèèjì sì tì mọ́ ọn.

DAT ni ìdánwò tí àwọn tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ eyín ń ṣe, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín l'Amẹ́ríkà, ADA, ló ni ín. Ìbéèrè 100 lórí sáyẹ́ǹsì: 40 Báyọ́lọ́jì, 30 Kẹ́mísírì, 30 Organic. Físíìsì kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kíkà àti ìṣirò, àti apá kan tí èèyàn kì í bá pàdé níbòmíràn, tí wọ́n ń pè ní Perceptual Ability: ìbéèrè 90, ìṣẹ́jú 60. Wọ́n á yàwòrán bébà tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta tí wọ́n wá dá lu, wọ́n á ní kí o sọ ibi tí ihò máa wà tí wọ́n bá tẹ́ ẹ padà. Wọ́n á to àpótí jọ, wọ́n á ní kí o ka ojú tó gba ọ̀dà. Kò sí kọ́ọ̀sì yunifásítì kan tó kọ́ mi ní ìyẹn. Bébà gidi ni mo ń ká, tí mo ń fi ẹ̀rọ ìdábébàlu dá a lu lórí tábìlì oúnjẹ, kó tó di pé mo lè rí i nínú orí. Láti 2025, máàkì rẹ̀ ti di láti 200 sí 600. Ẹni tó bá ń ka ìmọ̀ràn àtijọ́ tó ń sọ̀rọ̀ 20 àti 21, ìgbà tó ṣì jẹ́ 1 sí 30 nìyẹn. Ẹ má ṣe DAT kí Organic méjèèjì tó parí.

Wọ́n tún fẹ́ mọ̀ pé o ti jókòó ti dókítà eyín, o ti rí iṣẹ́ náà lójú. Wákàtí 100 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lépa. Èmi kò ní ìṣòro níbẹ̀ torí iṣẹ́ tí mo ń ṣe, àmọ́ mo ṣì lọ jókòó lọ́dọ̀ dókítà ọmọdé àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ẹnu.

Ti lẹ́tà ìjẹ́rìí le fún àwa Yorùbá ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń fẹ́ lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì méjì, pẹ̀lú ti dókítà eyín kan. Olùkọ́ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́, kó lè sọ ohun tó ju pé o gba A lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ọmọ tó gbọ́n kì í yọ olùkọ́ lẹ́nu. O gbọ́, o kọ ọ́ sílẹ̀, o kúnlẹ̀ kí i, o lọ. Níbí, olùkọ́ fi wákàtí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kí o wá bá òun ní ọ́fíìsì, tí o kò bá wá, lójú tirẹ̀, kò ká ọ lára ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kódà nígbà tó yé mi, màá mú ìbéèrè kan dání. Olùkọ́ Organic mi ní kí n máa pe òun ní orúkọ rẹ̀ gangan. Ẹnu mi kọ̀ ọ́, mo sọ fún un pé níbi tí mo ti wá, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa pe òun bó ṣe rọ̀ mí lọ́rùn. Òun ló kọ lẹ́tà tó lágbára jù nínú gbogbo èyí tí mo gbà. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, pé lílọ bá olùkọ́ kì í ṣe àfojúdi níbí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà nílé, tí ẹ kò tíì wọ yunifásítì: tí ó bá jẹ́ pé dókítà eyín ni ẹ fẹ́ ṣe, ẹ gbájú mọ́ JAMB. Ẹ má lọ gba B.Sc. nítorí Amẹ́ríkà. BDS tàbí BChD nílé, housemanship, ìforúkọsílẹ̀ pẹ̀lú MDCN (ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ nílé), iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ yín nìyẹn. Tí ọ̀nà bá wá là síbí, INBDE, ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà eyín l'Amẹ́ríkà, wà fún yín, ètò fún àwọn dókítà eyín tó kàwé lókè òkun sì wà tí ẹ máa forúkọ sí lórí CAAPID, ọdún méjì tàbí mẹ́ta dípò mẹ́jọ. Ó nira, ó wọ́n, àmọ́ ó yá ju kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti Kẹ́mísírì I. Ẹni tó ti gba B.Sc. nílé tó sì wà nílé náà ní Direct Entry láti fi wọ BDS tàbí BChD.

Owó ni mo fi ṣe ìkẹyìn, nítorí pé ó kan dìgírì àkọ́kọ́ gan-an. Láti oṣù Keje 2026, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ eyín kò lè yá ju 50,000 dọ́là lọ́dún lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, 200,000 lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló wọ́n ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, gbèsè tí ọmọ bá kó sọ́rùn ní yunifásítì àkọ́kọ́ á bá a dé ibẹ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ tí ó bá ń fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tàbí ẹ̀dínwó, tí ó sì ní àwọn kọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn pẹ̀lú láàbù, mo fẹ́ ẹ ju èyí tó lórúkọ tó máa gba owó ilé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

AADSAS máa ń ṣí ní oṣù Karùn-ún, ìwé sì ń wọlé láti oṣù Kẹfà. Wọ́n ń kà á bó ṣe ń dé ni, ẹni tó bá tètè fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ni wọ́n tètè ń pè. Láti àárín oṣù Kejìlá ni wọ́n ń sọ fún èèyàn pé wọ́n ti gbà á. Nínú gbogbo ìwé tèmi, transcript tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà ló pẹ́ jù, mo rán àbúrò mi lọ jókòó tì wọ́n níbẹ̀ kó tó jáde. Ẹni tó bá ní ìwé tó máa ti ilé wá, kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé e láti oṣù Kìíní.